Èló ni awakọ̀ tírélà tuntun lè retí lọ́dún àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà?

Àkànní2

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà tó wà lójú pópó. Ọmọ ọdún 27 ni mí. Ilé ìkẹ́rùsí ni mo ti ń ṣiṣẹ́ látìgbà tí mo ti dé Amẹ́ríkà, mo sì ní ìyàwó àti ọmọ kan. Mo fẹ́ gba CDL Class A, láísẹ́ǹsì tí wọ́n fi ń wa tírélà ńlá, kí n bọ́ sídìí rẹ̀. Ohun tó rú mi lójú ni pé kò sí ẹni méjì tó dárúkọ iye kan náà fún mi.

Mọ̀lẹ́bí wa kan tó ń wakọ̀ ní kí n máa retí $90,000 lọ́dún àkọ́kọ́. Ẹni tó gbé fóònù ní kọ́ńpìnì kan ní mo lè gbà "tó $1,500 lọ́sẹ̀". Ọ̀rẹ́ mi kan tó ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní owó tóun ń mú wálé kò tó èyí tóun ń gbà níbi tóun ti ń kó páálí tẹ́lẹ̀. Èwo ni ká gbà nínú rẹ̀? Iye tó ń wọ ọwọ́ gan-an ni mo ń wá, torí onílé wa kò ní gba ohun tí wọ́n kọ sára pátákó ìpolówó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bù mọ́ ọn, ẹ má sì yọ níbẹ̀.

TáyàMéjìdínlógún

Àbúrò, káàbọ̀. Ó ṣeé ṣe kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta má purọ́ fún ọ. Iṣẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń sọ.

Ká ti orí ohun tó wà lákọsílẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bureau of Labor Statistics, ẹ̀ka ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣírò owó iṣẹ́, ní owó ọdún awakọ̀ tó wà láàárín gbùngbùn jẹ́ $57,440 ní May 2024. Ìdajì awakọ̀ ń gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdajì kò gbà tó o. Ìdá kan nínú mẹ́wàá tó wà nísàlẹ̀ pátápátá kò rí $39,000, ìdá kan nínú mẹ́wàá tó wà lókè téńté ń gbà ju $78,000 lọ. Ẹni tó ti lo ogún ọdún wà nínú ìṣirò yẹn, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ lánàá náà wà níbẹ̀. Àwọn tó ń dá iṣẹ́ ara wọn ṣe kò sí níbẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá gbé $90,000 síwájú ẹni tí kò tíì wa ọkọ̀ rí, kó sọ irú iṣẹ́ tó ń sọ, kó sì sọ ibi tó wà.

Ní báyìí, gbọ́ bí owó ṣe ń wọlé. Ọ̀pọ̀ kọ́ńpìnì ńlá tó ń gba ẹni tuntun ń fi máìlì sanwó. Ká ní 50 sẹ́ńtì ni wọ́n ń san lórí máìlì kan. Bí o bá wa 2,500 máìlì lọ́sẹ̀ yìí, $1,250 nìyẹn. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, yìnyín dí ọ̀nà, ọkọ̀ wọ ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ẹni tó fẹ́ gba ẹrù ní kí o padà wá lọ́jọ́ kejì. O wa 1,700 máìlì, ó di $850. Awakọ̀ kan náà ni, sẹ́ńtì kan náà ni, $400 ti sá lọ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ "tó $1,500 lọ́sẹ̀" kò fi jẹ́ nǹkan kan. "Tó" yẹn, ọ̀sẹ̀ tó dára jù ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n.

Bẹ́ẹ̀ ni o kò lè fi agídí wa máìlì sí i. Òfin ìjọba àpapọ̀ ní wákàtí 11 péré lo lè fi wakọ̀ láàárín wákàtí 14 tí iṣẹ́ ọjọ́ náà bá ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn ìsinmi wákàtí 10. Bí wákàtí iṣẹ́ rẹ bá pé 70 láàárín ọjọ́ 8, o kò gbọ́dọ̀ wakọ̀ mọ́ títí àyè yóò fi yọ. Bí o bá sinmi wákàtí 34 léraléra, kíkà bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ẹ̀rọ ELD tó wà nínú ọkọ̀ ló ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kò sẹ́ni tó lè bá a dúnàádúrà.

Àrẹ̀mú_Tuntun

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n ló rí bẹ́ẹ̀. Kò tíì pẹ́ tí èmi náà kúrò lọ́dọ̀ olùkọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í dá wakọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ bí oṣù àkọ́kọ́ ṣe ń rí, torí àwọn tó ń gbani síṣẹ́ kì í mẹ́nu kàn án dáadáa.

Lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, ìwọ àti olùkọ́ lẹ ó jọ wà nínú ọkọ̀ kan fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Iye kan pàtó ni wọ́n ń san lọ́sẹ̀ fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, yálà ẹ rìn jìnnà tàbí ẹ kò rìn. Ó kéré. Ẹni tó bá ní ìdílé gbọ́dọ̀ ti tọ́jú rẹ́ǹtì oṣù méjì ó kéré tán kó tó lọ. Ohun tó lé púpọ̀ nínú àwọn tí a jọ wọlé padà sílé nìyẹn. Iṣẹ́ kò le jù fún wọn, ilé ni kò dúró de owó.

Èkejì, ìdúró níbi ẹrù. Lọ́jọ́ kan, mo dé ibì kan ní àárọ̀ kùtù, wọ́n fún mi ní nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà, mo fi ìdí tírélà ti dóòkì, ibi tí wọ́n ti ń já ẹrù. Iná pupa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà náà tàn. Pupa túmọ̀ sí pé fọ́ọ̀kì, ọkọ̀ kékeré tó ń gbé ẹrù, wà nínú tírélà, má ṣe mira. Mo ń gbọ́ ọ bó ṣe ń wọlé tí ó ń jáde, ọkọ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́, ó sì pẹ́ gan-an kó tó tún bẹ̀rẹ̀. Òòrùn ti kúrò lórí kí iná tó di àwọ̀ ewé. Nínú wákàtí 14 mi, èyí tó pọ̀ ti lọ, mi ò sì tíì wa máìlì kan tó lówó nínú.

Owó ìdúró wà lóòótọ́, detention ni wọ́n ń pè é. Àmọ́ níbi tó pọ̀, wákàtí méjì àkọ́kọ́ ọ̀fẹ́ ni, wọn ò ní kà á fún ọ. O sì gbọ́dọ̀ dé lákòókò àdéhùn. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni pé bí mo ṣe wọ géètì ni mo fi iṣẹ́ ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ ránṣẹ́ sí dispatcher, ẹni tó ń pín ẹrù fún awakọ̀, mo sì ní kí ẹni tó gba ẹrù kọ aago ìwọlé àti ìjáde sára ìwé ẹrù kó buwọ́ lù ú, mo sì ya fọ́tò rẹ̀. Wọ́n san án. Ẹni tí kò bá béèrè, kò sẹ́ni tó máa rántí rẹ̀.

Àkànní2

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ó dùn mí láti gbọ́ ọ̀rọ̀ dóòkì yẹn torí apá kejì ni mo wà, èmi ni mo ń gun fọ́ọ̀kì. Mi ò mọ̀ pé owó awakọ̀ ló ń lọ nígbà tí a bá lọ sí ìsinmi.

Ìbéèrè: bí mo bá dúró kọjá wákàtí 40 lọ́sẹ̀, ṣé kò sí owó àṣekún? Ilé ìkẹ́rùsí wa ń san ìlọ́po kan àtààbọ̀.

TáyàMéjìdínlógún

Fún awakọ̀ tó ń gbé ẹrù láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn, òfin ìjọba àpapọ̀ kò fi dandan lé e. Òfin owó iṣẹ́ tó dé ní 1938, Fair Labor Standards Act, yọ àwọn awakọ̀ irú èyí kúrò nínú àṣekún. Kọ́ńpìnì kan lè san án fúnra rẹ̀, ìpínlẹ̀ kan sì lè ní òfin tirẹ̀, ṣùgbọ́n má ṣe rò ó mọ́ owó rẹ àfi tó bá wà nínú ìwé.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún ẹni tuntun pé kó má fi owó ọ̀sẹ̀ tírélà wé owó ọ̀sẹ̀ ilé ìkẹ́rùsí ní tààrà. Mú owó ọ̀sẹ̀ náà, fi gbogbo wákàtí tí o lò pín in, àti ti dóòkì, àti ti epo, àti àyẹ̀wò ọkọ̀. Ẹni tó bá gba $1,000 fún wákàtí 65 ti gba $15.38 fún wákàtí kan. Ó ṣeé ṣe kí o máa gba jù bẹ́ẹ̀ lọ níbi tí o wà báyìí, kí o sì máa sùn sílé.

ÌyáÌbejì

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ẹ jẹ́ kí obìnrin náà dá sí i.

Gbogbo ohun tí ẹ ń sọ, ti ọ̀nà jíjìn ni. Èmi ò fi alẹ́ kan sílẹ̀ lójú ọ̀nà rí, torí ọmọ. Wákàtí ni wọ́n fi ń san owó mi, mo ń gbé oúnjẹ lọ sí àwọn ilé oúnjẹ àti ilé ẹ̀kọ́, mo sì ń já a fúnra mi pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ àfọwọ́tì. Iṣẹ́ agbára ni, ẹ̀yìn àti eékún ń gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí aago bá ti ń lọ, owó ń lọ pẹ̀lú rẹ̀. Bí wọ́n bá dá mi dúró, wọ́n ń sanwó ìdúró mi. Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀, mo gba ju àwọn tí a jọ jáde ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ẹni tuntun tó lè ru ẹrù máa ń rí ààyè níbẹ̀, torí àwọn àgbà kì í fẹ́ ẹ mọ́.

Ní ti owó ilé ẹ̀kọ́, ẹ farabalẹ̀. Láti February 7, 2022, ẹni tó ń gba CDL fún ìgbà àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ gba ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ ẹni tó wà nínú Training Provider Registry ti FMCSA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ààbò ọkọ̀ ẹrù. Ẹ yẹ orúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà wò níbẹ̀ kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Bí kọ́ńpìnì bá ní òun máa kọ́ yín lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ ka àdéhùn náà dé ìparí: ó sábà máa ń sọ pé bí ẹ bá kúrò kí ọdún kan tó pé, ẹ máa san owó ẹ̀kọ́ náà padà, wọ́n sì lè yọ ọ́ nínú owó ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn. Kó tó di pé ẹ tọrùn bọ̀ ọ́, ẹ lọ sí ọ́fíìsì ìwáṣẹ́ ìjọba tó wà ládùúgbò yín kí ẹ béèrè owó WIOA. Òfin 2014 ló dá a sílẹ̀ láti ran ẹni tó ń wá iṣẹ́ tuntun lọ́wọ́, ó sì máa ń san owó ilé ẹ̀kọ́ CDL fún ẹni tó bá yẹ. Òun ló san tèmi. Mi ò jẹ kọ́ńpìnì kankan ní gbèsè nígbà tí mo ń yan ibi tí mo fẹ́.

Ohun kan sí i: bí ẹ bá fi ọkọ̀ tí kì í lo kílọ́ọ̀ṣì ṣe ìdánwò, wọ́n á kọ ìdíwọ́ sára láísẹ́ǹsì yín, ẹ ò ní lè wa èyí tó ń lò ó. Ó ń pa ilẹ̀kùn iṣẹ́ kan dé.

Ọmọ_Òru

Mo gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n TáyàMéjìdínlógún ń sọ pé $90,000 kò sí fún ẹni tuntun. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, mo ta kò ó díẹ̀. Ó wà, lápá LTL, ibi tí wọ́n ti ń kó ẹrù oníbàárà púpọ̀ pọ̀ sínú tírélà kan. Òru ni mò ń wakọ̀, láti ibùdó kan sí ìkejì, mo sì ń padà sílé lówùúrọ̀. Tírélà kékeré méjì ni mò ń fà. Ojú ọ̀nà kan náà ni lójoojúmọ́, máìlì kan náà, nítorí náà owó kì í lọ sókè sódò.

Àkànní, gbọ́ mi dáadáa, ibi tí o wà ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Orí dóòkì kọ́ńpìnì LTL ni mo ti ń gun fọ́ọ̀kì, wọ́n sì ní ètò tí wọ́n fi ń kọ́ òṣìṣẹ́ dóòkì wọn di awakọ̀. Wọ́n san owó wákàtí mi ní gbogbo ìgbà tí mo ń kọ́ṣẹ́. Lo ìmọ̀ fọ́ọ̀kì tí o ní yẹn. Kí o tó lọ ṣe ìdánwò, kọ́ àwọn àfikún láísẹ́ǹsì: ti doubles (fífa tírélà méjì), ti tanker (ọkọ̀ nǹkan olómi) àti ti hazmat (ẹrù tó léwu), torí láìsí wọn, ọ̀pọ̀ ibùdó LTL ò ní gbé ọ sójú ọ̀nà. Ti hazmat ní àyẹ̀wò ìtàn ẹni láti ọ̀dọ̀ TSA, àjọ ààbò ìrìnnà, ìka ọwọ́ ni wọ́n ń gbà, tètè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀.

TáyàMéjìdínlógún

Mi ò bá ọ jiyàn pé ó wà. Ohun tí mò ń sọ ni iye ẹni tuntun tí wọ́n ń gbà síbẹ̀. Nǹkan bíi tìrẹ, àyè kan máa ń ṣí, àwọn tó ti pẹ́ nínú kọ́ńpìnì á kọ́kọ́ mú un, torí ẹni tó bá ti pẹ́ jù ló ń yan ọ̀nà. Ẹni tuntun á wà lórí àkọsílẹ̀ ìdúró, wọ́n á pè é tí ẹnìkan ò bá wá. Ṣé bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ìwọ náà ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀?

Ọmọ_Òru

Bẹ́ẹ̀ ni, mo dúró fún ìpè. Àwọn ọ̀sẹ̀ kan wà tó gbẹ. Ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀ mo ń padà sórí dóòkì kí wákàtí mi lè pé. Síbẹ̀, ìdúró náà tọ́ sí i lójú mi.

Olóṣirò

Ẹ kú àṣálẹ́. Ìwé owó orí ni iṣẹ́ mi, ọ̀pọ̀ awakọ̀ wa sì ń gbé tiwọn wá. Àkànní béèrè ohun tó ń wọ ọwọ́, ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀.

Ká ní o gba $55,000 lọ́dún 2025 gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ W-2 (ẹni tí kọ́ńpìnì gbà síṣẹ́, W-2 ni ìwé tó ń sọ owó tó gbà lọ́dún), ìyàwó rẹ kò tíì ṣiṣẹ́, ẹ sì jọ kọ ìwé owó orí yín pọ̀. Social Security àti Medicare, owó ọjọ́ ogbó àti ti ìlera àwọn àgbà, á gba 7.65%, ìyẹn $4,207. Owó tí ìjọba kò kà rárá fún tọkọtaya lọ́dún yẹn jẹ́ $31,500. Ó ku $23,500 tí wọ́n máa gba owó orí lé lórí, ní 10%, èyí jẹ́ $2,350. Bí ọmọ yín bá yẹ fún ẹ̀dínwó ọmọ, $2,200 á kúrò nínú rẹ̀. Ó ku $150. Ohun tó kù fún yín fẹ́rẹ̀ẹ́ tó $975 lọ́sẹ̀, kó tó kan owó orí ìpínlẹ̀ àti owó ìbánigbófò ìlera. Ti ìlera yẹn ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ kọ́ńpìnì kí ẹ tó gbà, torí fún ìdílé, ó lè jẹ ju owó orí lọ.

Ẹ má bẹ̀rù pé gbogbo ìpínlẹ̀ tí ẹ bá gbà kọjá á bu tirẹ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ ní ìpínlẹ̀ tí awakọ̀ ń gbé nìkan ló lè gba owó orí lórí owó iṣẹ́ ọkọ̀ tó ń rìn káàkiri ìpínlẹ̀.

Ní ti per diem, owó oúnjẹ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan lójú ọ̀nà: láti 2018 òṣìṣẹ́ W-2 kò lè yọ owó oúnjẹ ojú ọ̀nà kúrò nínú owó orí ìjọba àpapọ̀ mọ́. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ ṣì lè yọ ọ́: $80 lójúmọ́ ni IRS, àjọ owó orí ìjọba àpapọ̀, fi lélẹ̀ fún awakọ̀ láti October 2024, ó sì lè yọ 80% rẹ̀. Àwọn kọ́ńpìnì kan wá ń san apá kan lára sẹ́ńtì máìlì yín gẹ́gẹ́ bíi per diem tí kò ní owó orí. Ó ń mú kí owó ọ̀sẹ̀ pọ̀ díẹ̀. Àmọ́ iye tó máa wà lórí W-2 yín á kéré, bí ẹ bá fẹ́ yá owó ilé, iye kékeré yẹn ni báńkì máa rí, òun náà ni Social Security máa fi ṣírò owó ọjọ́ ogbó yín. Ẹ béèrè bóyá dandan ni tàbí ẹ lè kọ̀ ọ́.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni kí kọ́ńpìnì gbé ọkọ̀ tirẹ̀ fún ẹni tuntun, kó máa darí rẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́, kó sì ní 1099 ni, ìyẹn ni pé ẹni tó ń dá iṣẹ́ ara rẹ̀ ṣe ni. Ẹni yẹn á san apá méjèèjì Social Security àti Medicare, tirẹ̀ àti ti agbanisíṣẹ́, 15.3%, kò sì ní owó ìfarapa lẹ́nu iṣẹ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Bí sẹ́ńtì ibẹ̀ bá tiẹ̀ ga ju ti ibòmíì lọ, ẹ yọ ìyẹn kúrò kí ẹ tó fi wé.

Àkànní2

Bàbá Olóṣirò, Ọlọ́run á bù kún yín. Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, èmi àti ìyàwó mi jọ kà á.

Ó ku ọ̀kan. Ibì kan pè mí lánàá. Wọ́n ní kò sí ohun tó ń jẹ́ sẹ́ńtì lọ́dọ̀ wọn, pé mo máa bẹ̀rẹ̀ sí í san ọkọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di tèmi, wọn ò ní gba owó kankan níwájú, $5,000 ló sì ń wọlé lọ́sẹ̀. Ó dà bíi pé òun ni mọ̀lẹ́bí mi ń ṣe.

Ọlọ́kọ̀

Má ṣe é. Mo ní ọkọ̀ tèmi, mo sì fẹ́ràn iṣẹ́ yìí dọ́kàn, nítorí náà ẹni tí kò fẹ́ kí o ní nǹkan kọ́ ló ń bá ọ sọ̀rọ̀.

$5,000 yẹn kì í ṣe owó rẹ. Fi ojú wo bí ọ̀sẹ̀ kan ṣe lè rí. Ká ní 2,500 máìlì ni o wà, ní $2 lórí máìlì. Kọ́ńpìnì mú 28% tirẹ̀, $1,400 lọ. Ọkọ̀ ń lo gálọ́ọ̀nù kan fún máìlì 6.5, epo díísù jẹ́ $3.70, ìyẹn $1,423. Owó ọkọ̀ ọ̀sẹ̀ náà, $900. Ìbánigbófò àti owó ìlò tírélà, $300. Owó àtúnṣe tí wọ́n ń tọ́jú, 15 sẹ́ńtì lórí máìlì, $375. Ó ku $602. Kó tó di tìrẹ, 15.3% àti owó orí ṣì wà níwájú. Ọ̀sẹ̀ tí nǹkan lọ déédéé nìyẹn. Ní ọ̀sẹ̀ tí o bá ṣàìsàn, owó ọkọ̀ kò ṣàìsàn. O lè jí ní ọjọ́ Ẹtì kí o rí i pé ìwọ lo jẹ wọ́n ní gbèsè.

Bí o bá kúrò kí ọdún àdéhùn tó pé, wọ́n á gba ọkọ̀ náà padà, gbogbo ohun tí o ti san á bá a lọ, wọ́n á sì gbé e fún ẹlòmíràn lọ́sẹ̀ kejì. Kì í ṣe èmi nìkan ló ń sọ ọ́. Òfin àwọn ohun amáyédẹrùn tí wọ́n ṣe ní 2021 ní kí wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ láti yẹ irú àdéhùn yìí wò, Truck Leasing Task Force. Ní January 2025, ìgbìmọ̀ náà sọ fún Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì pé kí wọ́n fòfin de lease-purchase, irú àdéhùn sísan ọkọ̀ díẹ̀díẹ̀ yìí. Ṣáájú ìyẹn, ẹjọ́ New Prime v. Oliveira ti dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ. Awakọ̀ kan ló ní wọn ò san owó tó bófin mu fóun. Kọ́ńpìnì ní níwájú onílàjà ni kó gbé e lọ torí ó ti fọwọ́ síwèé. Ní January 2019, ilé ẹjọ́ ní wọn ò lè fi ipá gbé irú awakọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ síbẹ̀, kódà bí ìwé bá pè é ní ẹni tó ń dá iṣẹ́ ara rẹ̀ ṣe. Lẹ́yìn náà ni kọ́ńpìnì náà gbà láti san $28 mílíọ̀nù fún àwọn awakọ̀.

Bí o bá fẹ́ ní ọkọ̀, dára. Wakọ̀ fún ẹlòmíì fún ọdún bíi méjì, tọ́jú owó, mọ bí ẹrù ṣe ń tà, mọ ohùn ẹ́ńjìnnì tó fẹ́ bàjẹ́. Kí o wá lọ ra tìrẹ ní báńkì, ní orúkọ rẹ. Mọ̀lẹ́bí yín yẹn, bi í léèrè ohun tó kọ sórí ìwé owó orí rẹ̀. Má bi í léèrè ohun tó wọlé.

TáyàMéjìdínlógún

Kò sí ohun tí mo lè fi kún un.

Àkànní, o ní ká má bù mọ́ ọn, ká má sì yọ níbẹ̀. Èrò tèmi nìyí, fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà jíjìn pẹ̀lú kọ́ńpìnì tó ń gba ẹni tuntun: fi $45,000 ṣe ètò ilé, máa lé $60,000. Bí o bá rí àyè LTL tàbí iṣẹ́ wákàtí bíi ti ÌyáÌbejì, ó lè kọjá bẹ́ẹ̀. Oṣù méjì àkọ́kọ́, má kà á mọ́ nǹkan.

Ohun tó máa sọ iye tí o máa gbà lọ́dún kejì ni pé kí o má kọlu ohunkóhun lọ́dún yìí. Ìgbà tí wọ́n bá ń fi ẹ̀yìn rìn ni àwọn tuntun ń kọlu nǹkan jù: ìmú ọkọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, òpó, ilẹ̀kùn dóòkì. Bọ́ sílẹ̀ kí o wò ó. Tún bọ́ sílẹ̀ kí o tún wò ó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé awakọ̀ márùn-ún ń dúró dè ọ́ tí wọ́n ń fun fèrè. Ìjàǹbá kékeré kan á wọ inú àkọsílẹ̀ DAC tí kọ́ńpìnì ń wò kí wọ́n tó gbani síṣẹ́, kọ́ńpìnì tó ń san owó gidi á sì ti rí i kí o tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Gba ẹ̀dà tìrẹ lọ́dọọdún, ẹ̀tọ́ rẹ ni lábẹ́ òfin, kí o lè mọ̀ bí wọ́n bá kọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀ sí ọ lọ́rùn.

Àkànní2

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin òbí mi. Mo pe kọ́ńpìnì méjì lónìí. Mo béèrè pé: àwọn tó kúrò lọ́dọ̀ olùkọ́ láìpẹ́ yìí, máìlì mélòó ni wọ́n ń wà lọ́sẹ̀, kì í ṣe èyí tó dára jù? Ẹni àkọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀ ẹ̀bùn owó ìwọlé fún mi, kò dáhùn. Ẹnì kejì ní 2,100. Ó ní àwọn ń san máìlì òfìfo, èyí tí kò sí ẹrù nínú ọkọ̀, ní iye kan náà, àti pé $1,000 ni owó tó kéré jù lọ́sẹ̀ kódà tí ẹrù ò bá sí. Mo tún ti kọ̀wé sí ibùdó LTL kan tí kò jìnnà sílé wa, fún iṣẹ́ dóòkì. Wọ́n ní kí n wá lọ́jọ́ Ajé.

Àrẹ̀mú_Tuntun

Kú oríire ti ọjọ́ Ajé. Ti $1,000 yẹn, béèrè ohun tí o gbọ́dọ̀ ṣe kí wọ́n tó san án. Lọ́dọ̀ tiwa, bí mo bá kọ ẹrù kan péré tàbí tí mo gba ọjọ́ kan sílé láàárín ọ̀sẹ̀, kò sí i mọ́ lọ́sẹ̀ yẹn. Béèrè bákan náà bóyá máìlì tí ọkọ̀ rìn gan-an ni wọ́n ń san, tàbí èyí tí kọ̀ǹpútà wọn ṣírò láti ìlú sí ìlú, torí ti kọ̀ǹpútà sábà máa ń kéré sí ohun tí odómítà rẹ kà. Kí wọ́n fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí íméèlì rẹ kí o tó gba tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì lọ bá wọn.